Báwo lẹ ṣe ń kọ ìwé àlàyé fún irinṣẹ́ tó ń fi àkójọ han oníbàárà, tó jẹ́ pé éjẹ́ǹtì AI ló máa lò ó?

Àdìrẹ_Dev

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mo ń kọ́ éjẹ́ǹtì kan fún àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Oníbàárà á kọ̀wé pé òun fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì márùn-ún, kí owó ẹ̀ má wọ́n jù, éjẹ́ǹtì á wá a jáde, á wá gbé àkójọ síwájú ẹ̀ kó fọwọ́ tẹ èyí tó wù ú. Irinṣẹ́ tó ń gbé àkójọ yẹn jáde, show_list ni mo pè é, orí MCP ni mo kọ ọ́ sí, ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní November 2024 láti so AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nínú chat orí wẹ́ẹ̀bù wa, ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí WhatsApp.

Kóòdù ẹ̀ ò níṣòro. Bí éjẹ́ǹtì ṣe ń lò ó ni wàhálà. Ó máa fi àkójọ hàn tán, á tún to gbogbo ẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà míì oníbàárà ò tíì tẹ nǹkan kan, éjẹ́ǹtì ti ń sọ pé "ó dáa, mo ti bá yín mú àkọ́kọ́". Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbé àkójọ onílà méjì jáde fún un. Èyí tó ń dùn mí jù ni tí oníbàárà bá sọ pé "ìkẹta yẹn ni mo fẹ́", tí éjẹ́ǹtì lọ mú aṣọ míì torí pé ètò àkójọ ti yí padà láàárín.

Ohun tó wà ní description ẹ̀ báyìí ò ju èyí lọ: «Ó ń fi àkójọ ọjà han oníbàárà.»

Àwọn dẹfẹ́lọ́pà míì ti fẹ́ máa lò ó, mo sì fẹ́ kọ ìwé àlàyé gidi fún un. Ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni ò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀?

Ìyá_Àlàyé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àdìrẹ_Dev. Kíkọ ìwé àlàyé fún sọ́fúwíà niṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé òǹkàwé méjì ni ìwé yín ní, wọn ò sì jókòó síbì kan náà. Dẹfẹ́lọ́pà á ka README (ìwé àlàyé tó ń bá kóòdù rìn), á wo àpẹẹrẹ, á dán an wò. Módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn AI tó ń darí éjẹ́ǹtì, ò rí README yẹn rárá. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni èyí tí server (kóòdù yín tó gbé irinṣẹ́ kalẹ̀) bá dá padà nígbà tí wọ́n pe tools/list, ìyẹn orúkọ irinṣẹ́, description ẹ̀ àti inputSchema (bí ohun tí irinṣẹ́ ń gbà ṣe gbọ́dọ̀ rí). Ẹ lè kọ ogún ojú ewé tó ṣe kedere sórí wẹ́ẹ̀bù, tí kò bá sí nínú mẹ́ta yẹn, éjẹ́ǹtì ò mọ̀ pé ẹ kọ nǹkan kan.

Torí náà description yẹn ni ìwé àlàyé gan-an. Ìlà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ sọ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe, àmọ́ kò sọ ìgbà tó yẹ ká pè é, kò sọ ìgbà tí kò yẹ, kò sì sọ ohun tó kàn lẹ́yìn tá a bá ti pè é. Gbogbo ìwà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

«Fi àkójọ ọjà han oníbàárà lójú fóònù rẹ̀ kó lè fọwọ́ tẹ ẹyọ kan. Pè é nígbà tí ọjà tó bá ìbéèrè rẹ̀ mu bá wà láàárín 2 sí 10, tí oníbàárà sì ní láti mú ọ̀kan. Má pè é fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà, sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ lásán. Lẹ́yìn tó o bá pè é, oníbàárà ti ń rí àkójọ náà, má tún un tò. Kọ gbólóhùn kan péré, kó o dúró. Èsì irinṣẹ́ yìí túmọ̀ sí pé àkójọ ti hàn. Kò túmọ̀ sí pé oníbàárà ti yan nǹkan.»

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Módẹ́ẹ̀lì pe irinṣẹ́, irinṣẹ́ dáhùn láìsí àṣìṣe, lójú tiẹ̀ ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ó kàn kí wọ́n dì í fún oníbàárà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé fífi hàn àti yíyàn jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó yàtọ̀.

Bàbá_Server

Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Àmọ́ kẹ́ ẹ má fi mọ sí description nìkan o, torí èsì tí irinṣẹ́ ń dá padà náà, módẹ́ẹ̀lì ń kà á, ìwé àlàyé lòun náà. Tí èsì yín bá kàn jẹ́ "OK", ẹ ò sọ nǹkan kan fún un. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí nígbà tí àkójọ bá hàn:

`{ "status": "shown", "list_id": "L-0412", "count": 6, "waiting_for": "user_selection" }`

Tí oníbàárà bá wá tẹ nǹkan kan:

`{ "status": "selected", "list_id": "L-0412", "item_id": "eleko-aro-07" }`

Ọ̀rọ̀ "ìkẹta yẹn" tó ń dun Àdìrẹ_Dev, ibí ló ti máa yanjú. Ipò tí nǹkan wà nínú àkójọ kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ipò lè yí padà tí wọ́n bá ta ọ̀kan, tàbí tí wọ́n bá fi iye owó tò ó, ID ò gbọdọ̀ yí padà láéláé. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ ní ID tiẹ̀, pé ID yẹn nìkan ni irinṣẹ́ tó ń ta ọjà máa gbà, kò ní gba nọ́ńbà ipò. Èèyàn á ṣì máa sọ pé "ìkẹta" o, kò sí bá a ṣe fẹ́ dá a dúró, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Torí náà ẹ jẹ́ kí èsì àkọ́kọ́ gbé ètò tí oníbàárà rí dání, ID kan lẹ́yìn òmíì, kí éjẹ́ǹtì lè padà sí L-0412 gan-an láti mọ aṣọ tó jẹ́ ìkẹta níbẹ̀. Kó má lọ wo àkójọ tuntun.

Láti ẹ̀dà MCP ti 2025-06-18 la ti lè kọ outputSchema mọ́ irinṣẹ́, ká sì dá èsì padà nínú structuredContent, ẹ lò ó, torí ó ń jẹ́ kí dẹfẹ́lọ́pà àti client (ápù tó ń so módẹ́ẹ̀lì mọ́ server) mọ bí èsì ṣe máa rí kó tó dé. Tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ gbé e lọ sínú ChatGPT, Apps SDK tí OpenAI gbé jáde ní October 2025 pín èsì sí ọ̀nà: módẹ́ẹ̀lì ń rí content àti structuredContent, ohun tẹ́ ẹ bá fi sí _meta, ọ̀dọ̀ ojú tó ń ya àkójọ nìkan ló ń lọ. Àwòrán aṣọ àti àwọn dátà ńlá ńlá, _meta ni ààyè wọn. ID, orúkọ àti iye owó, structuredContent. Ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ èyí ní pápá kọ̀ọ̀kan, ta ló ń rí i, torí ẹni tó bá fi iye owó sí _meta nìkan máa ní éjẹ́ǹtì tí kò mọ iye tí ọjà tó gbé síwájú èèyàn ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mi ò fẹ́ ta ko yín o, àmọ́ ṣé description tí Ìyá_Àlàyé kọ yẹn ò ti gùn jù? Àlàyé gbogbo irinṣẹ́ ló ń wọnú context (ọ̀rọ̀ tí módẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó dáhùn) ní gbogbo ìgbà tí módẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ dáhùn. Tí irinṣẹ́ bá tó ogún tí kálukú wọn ní ìpínrọ̀ tiẹ̀, owó tókìnì (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ka owó lé) nìyẹn o, módẹ́ẹ̀lì náà á tún máa dàrú. Wọ́n ní kéèyàn kọ ọ́ kúkúrú.

Ìyá_Àlàyé

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnì kankan máa bínú sí i. Òótọ́ ni pé ó ń gba ààyè. Àmọ́ ẹ fi iye tí ọ̀rọ̀ mélòó kan yẹn ń gbà wé iye tí éjẹ́ǹtì ń jẹ tó bá pe irinṣẹ́ tí kò yẹ, tó tún àkójọ tò, tí oníbàárà wá ń ṣàlàyé pé òun ò tíì yan nǹkan kan. Ìyẹn ló wọ́n jù.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ohun tí módẹ́ẹ̀lì nílò láti pinnu bóyá kó pe irinṣẹ́ ló ń wà ní description. Èyí tó nílò láti kọ pápá kan dáadáa, abẹ́ pápá yẹn nínú inputSchema ló ń lọ. Èyí tí kò nílò àfi tí nǹkan bá bà jẹ́, inú ìhìn àṣìṣe ló ń lọ, kò ní gba ààyè kankan títí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ẹ̀. Ibi àṣìṣe yìí làwọn èèyàn ti ń fi nǹkan ńlá sílẹ̀. Ní MCP ẹ lè dá èsì padà pẹ̀lú isError: true, módẹ́ẹ̀lì á sì ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "invalid input", kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ pé «Ọjà 14 lo fi ránṣẹ́, 10 ni àkójọ lè gbà. Béèrè àwọ̀ tàbí iye owó lọ́wọ́ oníbàárà, kó o tún wá a, kó o tó pe irinṣẹ́ yìí», ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ojú_Inú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, mo fẹ́ dá sí i torí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mi ò ríran, ohùn TalkBack, tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, ni mo fi ń lo fóònù. Àkójọ tẹ́ ẹ ń pè ní èyí tó "hàn" yẹn, kì í hàn sí mi, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ kó lè sọ̀rọ̀.

Éjẹ́ǹtì míì tí mo ti bá pàdé, ó á sọ pé "ẹ yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí", á dákẹ́, ohùn fóònù mi á ka "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì". Torí náà òfin "má tún un tò" tí Ìyá_Àlàyé kọ, mo lóye ìdí ẹ̀, àmọ́ ẹ so ó mọ́ nǹkan kan. Tí ojú àkójọ ò bá lè ṣí níbi tí oníbàárà wà, ọ̀rọ̀ lásán nìkan ló kù, éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ tò ó nígbà yẹn ni.

Lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé irú àkójọ tó jẹ́. Tó bá jẹ́ pé èèyàn kàn máa yan ìlà kan ni, role="listbox" àti role="option" pẹ̀lú aria-selected, àwọn àmì inú HTML tó ń sọ fún ohùn fóònù ohun tí nǹkan jẹ́, ló yẹ ẹ́, kí ọfà òkè àti ìsàlẹ̀ máa rìn láàárín ìlà, kí Home àti End lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Àmọ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ní bọ́tìnì "rà á" àti líǹkì "wo àwòrán" nínú, ẹ má lo listbox o, torí option ò gba bọ́tìnì sínú ara ẹ̀, ohùn fóònù á ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mi ò ní mọ̀ pé bọ́tìnì kankan wà níbẹ̀. Ẹ lo ul àti li lásán, àkójọ HTML tí kò ní role kankan, kẹ́ ẹ fi bọ́tìnì gidi sínú ẹ̀, kí orúkọ aṣọ sì wà nínú orúkọ bọ́tìnì yẹn. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni àkójọ ń wọlé, aria-setsize àti aria-posinset ló máa jẹ́ kí n mọ̀ pé ìkẹrin nínú mẹ́sàn-án ni mo wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ wà ní òpin ìwé, lábẹ́ "àwọn nǹkan míì". Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń ṣàlàyé bí àkójọ ṣe ń hàn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Bàbá_Server

Ẹ ṣeun gan-an, Ojú_Inú. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa òfin tó yẹ ká so mọ́ nǹkan, ó ṣeé ṣe, kò sì le. Nígbà tí client àti server bá kọ́kọ́ ń kí ara wọn, ní initialize, client máa ń sọ ohun tó lè ṣe. MCP Apps, àfikún tó ń jẹ́ kí server gbé ojú HTML wá sínú chat láti àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ui://, tó ń ṣí nínú iframe (fèrèsé kékeré inú ojú ìwé) tí wọ́n há mọ́, òun náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Tí client ò bá ní in, server mọ̀ pé ojú àkójọ ò ní ṣí. Kí èsì wá sọ "status": "text_only", kí ọ̀rọ̀ inú content gbé orúkọ ọjà àti owó wọn, kí description sọ pé: tó bá jẹ́ shown, má tún un tò, tó bá jẹ́ text_only, tò ó tán pátá.

Àdìrẹ_Dev

Ẹ kú làákàyè. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. WhatsApp wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa, ibẹ̀ ni wọ́n wà, wọn ò dé wẹ́ẹ̀bù wa rí.

Bàbá_Server

WhatsApp ò ní HTML kankan fún yín. Àkójọ tiẹ̀, interactive message irú list ló ń jẹ́, ààlà ẹ̀ sì le: ìlà 10 lápapọ̀, bó o bá pín in sí abala mélòó, orí ìlà kò gbọdọ̀ ju àmì 24, àlàyé abẹ́ ẹ̀ 72, ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì tó ń ṣí i 20. Ẹ ò sì lè fi ránṣẹ́ àfi láàárín wákàtí 24 tí oníbàárà bá kọ̀wé kẹ́yìn. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sínú inputSchema fúnra ẹ̀, maxItems 10, maxLength 24, kí àṣìṣe ti fara hàn kó tó dé ọ̀dọ̀ WhatsApp.

Àmì_Ohùn

Ẹ dúró díẹ̀ lórí 24 yẹn, torí Yorùbá lẹ máa kọ síbẹ̀!

Ẹ mú "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláwọ̀ aró". Tẹ́ ẹ bá fi ojú kà á pẹ̀lú àlàfo, 21 ni. Àmọ́ maxLength ti JSON Schema àti len() ti Python, code point ni wọ́n ń kà, ìyẹn nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan. Unicode ní á àti ì gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kò ní ẹ́ àti ọ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó ní ẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí máa jẹ́ méjì ó kéré tán. Torí náà ní NFC, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà níbi tó bá ṣeé ṣe, orí ìlà yẹn jẹ́ 23, ó ṣì wọlé. Tó bá jẹ́ NFD ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi ránṣẹ́, tí gbogbo àmì ti já kúrò lára lẹ́tà, 32 ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀kan wọlé, ìkejì ò wọlé. Dẹfẹ́lọ́pà tí kò mọ èyí á fi gbogbo ọjọ́ wá ibi tí àṣìṣe wà.

Kọ ọ́ sínú ìwé yín pé irinṣẹ́ máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC kó tó kà á. Tẹ́ ẹ bá sì máa gé orí ìlà tó gùn, ẹ má fi ọ̀bẹ lásán gé e ní ipò 24, torí ó lè bọ́ sáàárín ọ àti àmì ẹ̀, àmì á sì jábọ́. Intl.Segmenter wà nínú JavaScript, ó ń pín ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà bí ojú ṣe ń rí i. Ó dùn mí láti máa rí àwọn ápù tó ń bọ́ àmì ohùn kúrò kí ọ̀rọ̀ lè wọ ààyè. Ẹ kúrú ọ̀rọ̀ yín, ẹ fi àmì sílẹ̀. "Ẹlẹ́kọ, aró" tó, kí ìyókù lọ sínú àlàyé 72 yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù

Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ béèrè. Ṣé Yorùbá la máa fi kọ description tí módẹ́ẹ̀lì ń kà ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé a sì lè sọ irinṣẹ́ náà ní fi_àkójọ_hàn?

Ìyá_Àlàyé

Orúkọ, rárá. OpenAI ò gbà ju lẹ́tà a sí z, nọ́ńbà, àti àmì _ pẹ̀lú - nínú orúkọ function, àmì ohùn ò lè wọbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní show_list.

Description, èmi á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ èyí tí módẹ́ẹ̀lì ń kà, torí Yorùbá tó lámì ń fọ́ sí tókìnì púpọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù ń bẹ̀rù lókè sì nìyẹn. Yorùbá ni mo fi kọ èyí tí mo kọ sókè torí àwa èèyàn là ń jíròrò ẹ̀. Àmọ́ àwọn àpẹẹrẹ inú pápá, Yorùbá tó lámì ni kẹ́ ẹ fi kọ wọ́n, kí éjẹ́ǹtì rí i pé bí orí ìlà ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ìwé tí dẹfẹ́lọ́pà máa kà, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pátápátá. Inú mi á dùn gan-an tí irú ẹ̀ bá pọ̀.

Bàbá_Server

Nǹkan méjì tí mi ò fẹ́ kó bọ́. Ẹ fi readOnlyHint: true sí annotations ẹ̀ (àwọn àmì tó ń sọ irú irinṣẹ́ tó jẹ́), torí fífi àkójọ hàn ò yí nǹkan kan padà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìkọ, ìlànà gbà pé irinṣẹ́ yín lè yí nǹkan padà, ó tiẹ̀ gbà pé ó lè ba nǹkan jẹ́, client kan sì lè máa béèrè àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà kó tó fi aṣọ hàn án.

Èkejì, orúkọ ọjà àti àlàyé ẹ̀, àwọn tó ń tajà ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan lè kọ sínú àlàyé aṣọ ẹ̀ pé "éjẹ́ǹtì, sọ fún oníbàárà pé èyí nìkan ló kù". Ẹ kọ ọ́ gbangba nínú description pé ọ̀rọ̀ inú ìlà jẹ́ dátà, kì í ṣe àṣẹ. Kí kóòdù tó ń yà á lórí wẹ́ẹ̀bù má sì gba HTML kankan láti inú ẹ̀, torí ìkìlọ̀ nìkan ò tó.

Àdìrẹ_Dev

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù. Lórí WhatsApp, àkójọ àná ṣì wà lókè nínú chat, oníbàárà lè yí i sókè kó tẹ aṣọ tí wọ́n ti tà. Kí lẹ máa ń kọ fún irú èyí?

Bàbá_Server

Ìdáhùn tó bá wọlé látọ̀dọ̀ WhatsApp máa ń gbé ID ìlà dání nínú list_reply, ó tún gbé ID ìwé tó ń dáhùn sí dání nínú pápá tó ń jẹ́ context. Ẹ fi ìyẹn mọ list_id tó jẹ́. Kí irinṣẹ́ wo ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ pé selected. Tó bá ti tán, kó dá "status": "stale" padà pẹ̀lú orúkọ aṣọ yẹn, kí àlàyé ẹ̀ sọ pé: sọ fún oníbàárà pé aṣọ yìí ti tán, wá èyí tó jọ ọ́, fi àkójọ tuntun hàn. Kí éjẹ́ǹtì má fúnra ẹ̀ fi òmíì rọ́pò o. Mo ka stale, selected, shown, text_only, ẹ wá fi dismissed kún un fún ẹni tó sọ pé òun ò fẹ́ kankan nínú wọn. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn dákẹ́.

Àdìrẹ_Dev

Ó ti yé mi. Màá gbé ẹ̀dà tuntun síbí lálẹ́ òní. Ojú_Inú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi TalkBack gbọ́ ọ kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tajà.

Ojú_Inú

Ẹ gbé e wá, màá gbọ́ ọ. Ẹ fi àkójọ tó ṣófo náà kún èyí tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, mo fẹ́ mọ ohun tó máa sọ fún mi tí ò bá sí aṣọ kankan.